Kíláàsì Ọlidé Tó Sọ Òṣogbo Di Ìlú Ayàwòrán

Ìtàn kan wà tí a máa ń sọ fún àlejò ní Òṣogbo, ó sì máa ń dùn létí wọn. A ó ní obìnrin òyìnbó kan dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1964, ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò mọ ohunkóhun nípa àwòrán jọ, ó fún wọn ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ọjọ́ márùn-ún sì pé, wọ́n ti di ayàwòrán tí ayé ń wá kiri. Àlejò á mi orí, á ya fọ́tò, á ra aṣọ àdìrẹ kan, á máa lọ. Èmi tí mo fi iṣẹ́ tíṣà àwòrán jẹun ní ìlú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè gbọ́ ìtàn yẹn kí n má rẹ́rìn-ín. Bí ọjọ́ márùn-ún bá lè sọ ènìyàn di ayàwòrán, iṣẹ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ì bá ti gba gbogbo ògiri tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Síbẹ̀, irọ́ kọ́ ni ìtàn náà. Obìnrin náà wá lóòótọ́, ọjọ́ márùn-ún náà sì wáyé. Ohun tí a máa ń fò ni ohun tó ṣáájú ọjọ́ márùn-ún yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọmọ jọ nígbà ọlidé láti kọ́ wọn níṣẹ́ ọwọ́.

Láyé àwọn baba wa, kò sí ẹni tó ń fi ọlidé kọ́ṣẹ́ ọnà. Ẹni tó bá fẹ́ di gbẹ́nàgbẹ́nà á lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá. Á gbálẹ̀, á bá ọ̀gá lọ sóko, á pọn ọ̀bẹ, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí wọ́n á fi gbé igi fún un pé kó gé èyí tó le kúrò lára rẹ̀. Ojú ère ni wọ́n máa ń fà lé e lọ́wọ́ kẹ́yìn. Báyìí ni Báńdélé ṣe kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀, Arẹ̀ógún ará Ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Báńdélé náà sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ètò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ yìí kan náà ló lò. Ohun tí wọ́n ń gbẹ́ ló yí padà, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère Màríà dípò ère òrìṣà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kò yí padà.

Ti àwọn ìyá aládìrẹ kò yàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ọmọbìnrin ń jókòó sí, tí á máa wo bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Kò sẹ́ni tó máa fún un níwèé ẹ̀rí. Ọjọ́ tí oníbàárà bá ti sanwó aṣọ rẹ̀ láì bèèrè ẹni tó yà á, ó ti gboyè nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn wá láti Ìbàdàn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1950 láti kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò pẹ́ tó fi kúrò nínú kíláàsì, tó bọ́ sí ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn àgbà nínú ìlú wọn. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, ó wá kó wá sí Òṣogbo, òun àti Susanne Wenger, ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà, ẹni tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ní 1961, Beier pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. Lọ́dún yẹn náà ni Julian Beinart, ọmọ South Africa tó ń yàwòrán ilé, àti Pancho Guedes, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Mòsáńbíìkì, kó àwọn ènìyàn jọ níbẹ̀ fún kíláàsì àwòrán ìgbà ìsinmi. Àwọn tíṣà wà lára àwọn tó wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹni tó ti kọ́ àwòrán nílé ìwé gbàgbé òfin fún ọjọ́ mélòó kan, kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣeré.

Òṣogbo kì í ṣe Ìbàdàn. Yunifásítì kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ìlú ọjà ni, ìlú aláró, ìlú tí rélùwéè ti dé láti nǹkan bí 1907, tí odò Ọ̀ṣun sì ń ṣàn gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀, tíṣà, ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà, tó ti bá àwọn kan nínú ìjọ fa wàhálà ní 1961 nítorí pé ó gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde. Dúró ní ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Popular Bar. Òun àti Beier kó àga ọtí kúrò, wọ́n sọ ibẹ̀ di ojú agbo eré àti ibi ìpàtẹ àwòrán, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962. Mbárí Mbáyọ̀ ni wọ́n pè é. Eré rẹ̀, Ọba Mọ́rọ̀, ni Dúró fi ṣí i. Nígbà tó pé ọdún kan, Ọba Kò So ló fi ṣàjọ̀dún rẹ̀.

Àárín ìlú ni ilé náà wà, èyí sì ṣe pàtàkì. Ìyá tó ń bọ̀ láti ọjà lè sọ igbá kalẹ̀ kó yọjú wo àwòrán. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lè gbàgbé iṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ìwé ọwọ́ rẹ.

Àwọn wo ló wá? Ká tó dáhùn, ká rántí ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé lọ́dún náà ju 800,000 lọ. Nígbà tó fi máa di 1960, àwọn tó wọlé lọ́jọ́ kìíní ti ń ka ìwé mẹ́fà tán. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà lè di akọ̀wé tàbí tíṣà. Báyìí wọ́n ti pọ̀ jù. Ṣẹ́kọ́ńdìrì kò gba gbogbo wọn, oko kò wù wọ́n mọ́, iṣẹ́ ìjọba kò sì tó. Wọ́n mọ̀wé díẹ̀, wọ́n gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀, ọwọ́ wọn sì dilẹ̀. Irú àwọn ọ̀dọ́ yìí ni Mbárí Mbáyọ̀ bá nílẹ̀. Àwọn kan ti ń bá Dúró ṣeré, àwọn kan ń wá ohun tí wọ́n máa jẹ lọ́jọ́ náà.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1962 ni kíláàsì ọlidé àkọ́kọ́ wáyé níbẹ̀. Denis Williams ló ṣe é, ayàwòrán ọmọ Guyana tó ti kọ́ni ní Sudan kó tó dé Nàìjíríà, ẹni tó wá kọ ìwé Icon and Image lẹ́yìn náà nípa irin àti idẹ ilẹ̀ wa. Ó tún padà wá ní 1963. Williams kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń ya ife omi tàbí bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsùlù wọn imú ènìyàn, ohun tí àwa tíṣà fi ń pa ọmọ lójú nílé ìwé. Ó ní kí wọ́n kun nǹkan tó tóbi, kí wọ́n kùn ún kíákíá, kí wọ́n má dúró ronú bóyá ó dára. Nínú gbogbo àwọn tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ènìyàn méjì ni ọ̀rọ̀ náà mú lọ́kàn títí láé: Jacob Afọlábí láti kíláàsì kìíní àti Rufus Ògúndélé láti ìkejì. Òṣèré Dúró ni àwọn méjèèjì. Ògúndélé tilẹ̀ jẹ́ ìbátan Dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ọlidé méjì, ènìyàn méjì.

Ní 1964 ni Georgina Beier, ẹni tó di ìyàwó Ulli Beier lẹ́yìn Susanne, gba iṣẹ́ náà. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni, ayàwòrán fúnra rẹ̀, ó sì ti gbé Zaria kó tó wá sí Òṣogbo. Ọjọ́ márùn-ún tí à ń ròyìn yẹn, tirẹ̀ ni. Nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ ni a ti rí Mùráínà Oyèlámì ọmọ Ìràgbìjí, Jímọ̀h Bùráímọ̀h ọmọ Òṣogbo, Adébísí Fábùnmi ọmọ Ìbòkun, àti ọkùnrin tí ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven.

Ti Seven-Seven yìí, bí ẹni ń sọ àlọ́ ni. Táíwò Ọláníyì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ìyá òun bí ìbejì lẹ́ẹ̀meje, òun nìkan ló sì dúró. Ẹ̀yìn olóògùn tó ń polówó kiri ìlú ló ń jó tẹ̀ lé nígbà tó dé Òṣogbo, ijó náà ló sì jó wọ òde àríyá kan ní Mbárí Mbáyọ̀. Ulli Beier rí aṣọ rẹ̀, ó rí irun rẹ̀, ó rí ijó rẹ̀, ó ní kó má lọ mọ́. Ijó ni wọ́n fi dá a dúró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àwòrán wà nínú rẹ̀, àfìgbà tí Georgina gbé bébà síwájú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin àti ẹranko tí ẹranko mìíràn ń jáde lára wọn, tí kò sì sí àyè kan tó ṣófo lórí bébà náà.

Ibi tí mo ti gbà pé Georgina mọ iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ nìyí. Bí tíṣà kan bá ní ọmọ mẹ́rin níwájú, ẹ̀kọ́ kan ló máa kọ́ àwọn mẹ́rin, á sì fún ẹni tó bá ṣe é jọ tirẹ̀ jù lọ ní máàkì. Georgina kì í fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò yà. Ó ń wo ọwọ́ wọn. Ó rí i pé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọwọ́ Seven-Seven ń fẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ Ru van Rossem, ọmọ Holland tó wá ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sára páànù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ni iṣẹ́ rẹ̀ ti mú gan-an. Oyèlámì kò fẹ́ràn ìlà. Rólà ni wọ́n fi sí i lọ́wọ́, tó fi ń yí ọ̀dà lu ọ̀dà títí ojú ènìyàn àti òrùlé ilé fi máa yọ. Fábùnmi mú ọ̀bẹ, ó ń gé àwòrán sára línò. Lẹ́yìn náà ó wá ń fi òwú aláwọ̀ mèremère dá àwòrán sára aṣọ. Bùráímọ̀h ní tirẹ̀ ló ń tan iná fún eré Dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òun yàn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, ó ń tò ó sójú pákó, ó sì ń fi ọ̀dà kún àárín rẹ̀. Ẹni mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wọn lè dá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀ láti òdìkejì títì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún kọ́ ló ṣe gbogbo èyí. Nígbà tí kíláàsì parí, tí àwọn yòókù gba ilé wọn lọ, Georgina yan ìwọ̀nba díẹ̀, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa wá sílé òun láti ṣiṣẹ́. Ọ̀dà wà níbẹ̀, bébà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè owó rẹ̀. Lálẹ́, wọ́n á lọ bá Dúró ṣeré, owó eré ni wọ́n sì fi ń jẹun. Nígbà tí eré náà lọ sí Berlin ní 1964 àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, ọ̀nà òkè òkun là fún àwọn tó ń ṣeré tí wọ́n tún ń yàwòrán. Beier ní tirẹ̀ ń kọ̀wé nípa wọn, ó ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, ó ń mú oníbàárà wá. Ilé, ohun èlò, oúnjẹ, ọjà: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíláàsì Williams àti ti Georgina kò ju èyí lọ lójú mi. Williams tóó kọ́ni, kódà ó mọ̀wé jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Williams bá kọ́ni tán, á padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Georgina ń gbé ìlú.

Bí a bá wò ó dáadáa, ètò ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ ló tún gba ẹ̀yìn wọlé. Wọn kò gbálẹ̀ fún un, wọn kò bá a lọ sóko, ṣùgbọ́n wọ́n wà lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n, lójoojúmọ́, nínú ilé tí iṣẹ́ ti ń lọ. Kíláàsì ọlidé kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni.

Mo mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ará Òṣogbo, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kọ́ mi níwèé. Àwọn tó kàwé àwòrán ní Zaria, ẹgbẹ́ Uche Okeke, Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya, ti jà fún àtiṣe iṣẹ́ ọnà tó jẹ́ tiwa láì sọ ẹ̀kọ́ nù. Ó dun ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé pé òyìnbó rekọjá lọ́dọ̀ wọn, ó lọ ń yin ẹni tó ka ìwé mẹ́fà. Wọ́n ní òyìnbó ló ń rà á, ohun tó wu òyìnbó ni wọ́n sì ń yà. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́: àwọn àlejò ló pọ̀ jù nínú oníbàárà. Owó tí wọ́n fi gbé Mbari Ìbàdàn dúró pàápàá, ara rẹ̀ wá láti àjọ Congress for Cultural Freedom, àṣírí sì tú kí 1967 tó parí pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, CIA, ló ń bọ́ àjọ náà lábẹ́lẹ̀. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo mọ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀dà kì í béèrè ibi tí ọ̀dà ti wá.

Ẹ̀sùn tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ wo orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kà: ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìlú tí àwọn obìnrin ti ń ya ọnà àdìrẹ bí Olókun àti Ìbàdàndùn sára aṣọ láti ọjọ́ tó pẹ́, wọ́n ṣe kíláàsì àwòrán níbẹ̀, àwọn obìnrin kò sì sí lára àwọn tó lókìkí. Ó di ìgbà tí Nike, ọmọ Ògìdì, fẹ́ Seven-Seven, tó wọ agboolé náà pẹ̀lú ọwọ́ àdìrẹ tó ti mọ̀ láti ilé, kí nǹkan tó yí padà. Ní 1983 ó dá ibi ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dé ibẹ̀ láì mọ bí wọ́n ṣe ń di ìyẹ́ mú, tí wọ́n fi iṣẹ́ àdìrẹ tọ́ ọmọ tiwọn dé yunifásítì.

Àwọn Beier kúrò ní Nàìjíríà nígbà tí 1966 ń parí lọ, wọ́n gba Papua New Guinea lọ. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ náà á kú, kò kú. Seven-Seven yàwòrán, ó kọrin, ó jó, àjọ UNESCO sì fi í ṣe Oníṣẹ́-Ọnà fún Àlàáfíà ní 2005, ọdún kan náà tí wọ́n kọ Igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé àjogúnbá àgbáyé, igbó tí Àdùnní pẹ̀lú bíríkìlà bí Adébísí Àkànjí ti fi sìmẹ́ńtì mọ ère. Oyèlámì lọ kọ́ni ní ìlù dùndún ní yunifásítì Ifẹ̀. Ní Ifẹ̀ náà, láti 1968, ayàwòrán Solomon Wangboje ṣe irú kíláàsì yìí ní ibi iṣẹ́ ọnà Orí Olókun. Bruce Onobrakpeya, tó kàwé Zaria tó sì tún jókòó ní kíláàsì Mbari, ọ̀dọ̀ van Rossem ló ti rí ọ̀nà páànù àti abẹ́rẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1998 ó dá Harmattan Workshop sílẹ̀ ní Agbarha-Otor, níbi tí ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀ rẹ̀ ló fi ṣe é, ilé sì ni ó kọ́ síbẹ̀.

Èmi náà ń kó àwọn ọmọdé jọ lóṣù Kẹjọ, lábẹ́ igi nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba, nígbà tí òjò bá dá díẹ̀. Àwọn òbí máa ń sanwó tayọ̀tayọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni wàhálà máa ń dé: wọ́n fẹ́ àwòrán tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀, wọ́n fẹ́ ìwé ẹ̀rí, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ibi tí mo ti ń bá wọn jiyàn nìyẹn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwọ̀nba ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí máa mú, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Nínú kíláàsì Williams pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn yòókù ti ṣeré, wọ́n ti fi ọwọ́ ba ọ̀dà, ó tó. Ọmọ tó bá tún béèrè fún bébà lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ ni mò ń wá. Yàrá kan wà nílé mi tí mi ò fi ṣe nǹkan mìíràn. Gbogbo Sátidé ló wà ní ṣíṣí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀, mi ò sì gbowó rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wá kíláàsì ọlidé fún ọmọ yín, ẹ má fi bí wọ́n ṣe kun ilé náà ṣe ìwọ̀n, ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ òyìnbó tó wà lára pátákó wọn jẹ yín lójú. Ẹ bi olùkọ́ léèrè pé: lọ́jọ́ tí ilé ìwé bá wọlé, bí ọwọ́ bá ṣì ń yún ọmọ yìí, ibo ló máa kó ọ̀dà rẹ̀ lọ? Bó bá rí ìdáhùn gidi sọ, ẹ sanwó fún un. Bí kò bá rí, ẹ fowó náà ra ọ̀dà, kí ẹ wá igun kan fún ọmọ náà nílé.